Ìsoríkọ́ ìgbà òtútù: ohun tí àwọn olùwádìí ń wá lára àwọn ará ìlú òtútù, àti ibi tó ti kan àwa tí a wà ní Àbújá

Tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Àbújá, tí ètè ń là, tí eruku ń bo gíláàsì mọ́tò kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ kan máa ń gba orí WhatsApp kan. Wọ́n á ní ìsoríkọ́ kan wà tó jẹ́ pé ìgbà òtútù ló ń gbé e wá. Wọ́n á ní ìwádìí ti fi hàn pé àwọn ará àríwá ló ń mú jù, pé obìnrin ló ń bá jà ju ọkùnrin lọ, pé ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti ní in, òun náà máa ní in. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn tètè lọ ra fítámì D.

Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti po òótọ́ náà mọ́ nǹkan mìíràn débi pé ẹ̀rù tí kò yẹ lè ba ẹni tó bá kà á, tàbí kí ó fọkàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti fọkàn balẹ̀. Ní àdúgbò tí mo ń gbé ní Kubwa, ilé Yorùbá tí kò ní ẹnì kan ní Kánádà tàbí ìlú Ọba ò pọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, kò sí àní-àní. Ọ̀nà tó gbà kàn wá ni mo fẹ́ ká jọ wò dáadáa.

Àríwá tí àwọn olùwádìí wọ̀nyí ń sọ kì í ṣe Kánò, kì í ṣe Sókótó. Àbújá wà ní ìwọ̀n 9 sí òkè ìlà agbedeméjì ayé, Kánò wà ní 12. Tromsø, ìlú kan ní òkè Norway tí wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí òkùnkùn ìgbà òtútù, wà ní ìwọ̀n 69. Níbẹ̀, láti ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìíní, oòrùn kì í yọ rárá. Ojú sánmà á kàn mọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ fún wákàtí díẹ̀ lọ́sàn-án, á tún ṣókùnkùn. Kódà ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, oòrùn kì í lò tó wákàtí 8 lójú ọ̀run ní ìparí oṣù kejìlá, bẹ́ẹ̀ ó ń lò ju 16 lọ ní oṣù kẹfà. Àbújá ńkọ́? Ọjọ́ tó kúrú jù láàárín ọdún tó bíi wákàtí 11 àti ààbọ̀, èyí tó gùn jù lé díẹ̀ ní 12 àti ààbọ̀. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ wa ló ti dàgbà síbí tí a ò tilẹ̀ ṣàkíyèsí i.

Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ to àmì àìsàn yìí pọ̀ sójú kan kò tíì pẹ́. Norman Rosenthal, dókítà ọpọlọ tí wọ́n bí ní Johannesburg, kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1976. Ìgbà tó débẹ̀ ló rí i pé tí òtútù bá dé, agbára òun á dín kù, iṣẹ́ á wúwo lọ́rùn òun, tí ojúmọ́ bá sì tún ti ń gùn, ara òun á yá padà. Ní 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìlera ọpọlọ ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn 29 tí ìsoríkọ́ wọn ń bá ìgbà lọ, tó ń bá ìgbà bọ̀. Àwọn èèyàn náà ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, síbẹ̀ ó ń rẹ̀ wọ́n. Oúnjẹ bíi búrẹ́dì àti ohun dídùn ń wù wọ́n jẹ ṣáá, wọ́n ń sanra, wọn ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Tí ìgbà òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á lọ.

Ìyẹn yàtọ̀ sí kí inú èèyàn kàn má dùn torí pé òtútù pọ̀. Kí dókítà tó gbà pé ìsoríkọ́ ẹnì kan ń tẹ̀ lé ìgbà, ó kéré tán ọdún méjì tó tẹ̀ léra ni ó gbọ́dọ̀ ti dé ní àsìkò kan náà, kó sì lọ ní àsìkò kan náà. Àwọn dókítà òde òní kò tilẹ̀ kà á sí àìsàn ọ̀tọ̀ mọ́. Ìsoríkọ́ gan-an ni, tó mọ ìgbà tó máa ń wá.

Ohun tí àwọn olùwádìí ń wá ní ìlú òtútù, tí ó sì ń dá rúdurùdu sílẹ̀ nígbà tí ìròyìn bá gbé e, ni ohun tó ń dá kún ewu. Ohun tó ń dá kún ewu ni ohun tí ẹ ó bá lára àwọn tí àìsàn mú ju bí ẹ ó ṣe bá a lára àwọn tí kò mú lọ. Ibi tó mọ nìyẹn. Kò sọ pé òun ló fa àìsàn náà. Kò sì sọ pé dandan ni kí ẹni tó ní i ṣàìsàn. Àárín ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ẹnì kan ṣoṣo kò lè gbé e sórí ara rẹ̀ kó ní "àyànmọ́ mi nìyí."

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí. Ní 1990, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde láti ìlú mélòó kan ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní Sarasota, ní Florida tí oòrùn wà dáadáa, ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dáhùn ìbéèrè ló ní àmì ìsoríkọ́ ìgbà òtútù. Ní Nashua, ní New Hampshire lókè lọ́hùn-ún, ìdá 9.7 ni. Akọ̀ròyìn tó bá fẹ́ kí èèyàn pọ̀ tó ka ìròyìn rẹ̀ á kọ ọ́ pé "ewu náà jẹ́ ìlọ́po méje fún ẹni tó ń gbé ìhà àríwá." Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kó 1,000 èèyàn jọ ní Nashua: 97 ni yóò ní àmì náà, 903 kò ní ní in. Ìlú kan náà, ìwádìí kan náà, ọ̀nà méjì láti sọ ọ́. Èmi rò pé ìwà àìdáa ni kí a sọ ọ̀kan kí a fi èkejì pamọ́, pàápàá fún òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ rẹ̀ sínú bàlúù.

Báwo ni wọ́n ṣe rí iye yẹn? Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí pé ẹni tó bá mọ ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn èèyàn yóò mọ ìwọ̀n tó yẹ kó gba èsì náà gbọ́ mọ.

Ọ̀pọ̀ ìwádìí yìí ni wọ́n fi ìwé ìbéèrè kan ṣe, èyí tí Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980. Ohun mẹ́fà ló ń béèrè: báwo ni oorun rẹ ṣe ń yí padà bí ìgbà ṣe ń yí, báwo ni wíwà láàárín èèyàn, báwo ni inú rẹ, báwo ni ìwọ̀n ara rẹ, báwo ni oúnjẹ jíjẹ, báwo ni agbára. Ẹ ó fi máàkì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òdo, ìyẹn "kì í yí rárá," títí dé 4, ìyẹn "ó ń yí gan-an." Tí ẹ bá rò ó pọ̀, 24 ni ó ga jù. Ẹni tó bá gba 11 sókè, tí oṣù tí ara rẹ̀ kì í yá jù sì bọ́ sígbà òtútù, tó tún sọ pé ìyípadà yìí ń yọ òun lẹ́nu dé ìwọ̀n kan, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tó ní ìsoríkọ́ ìgbà òtútù.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú gbé ìwé yìí fún obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Kubwa. Oorun: ní oṣù kejìlá, ìsinmi wà, kò ní jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ torí ọkọ̀, nítorí náà ó ń sùn pẹ́. Ó fi 2 sí i. Wíwà láàárín èèyàn: Àbújá ti ṣófo, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, Òṣogbo àti Adó, òun ò rí owó ọkọ̀. Ó fi 3. Inú rẹ̀: a ti mọ bó ṣe máa rí, 2. Ìwọ̀n ara: ìrẹsì àti adìyẹ ọdún, 2. Oúnjẹ: 2. Agbára: 1. Ẹ rò ó pọ̀, 12 ni. Ṣé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu? Ó ń yọ ọ́ lẹ́nu dáadáa, torí pé owó ilé ìwé ń bọ̀ ní oṣù kìíní. Ìwé yẹn á kà á mọ́ aláìsàn. Bẹ́ẹ̀, oòrùn tó ràn lórí Kubwa lóṣù yẹn tó èèyàn í yan bí ẹja.

Kò túmọ̀ sí pé ìwé ìbéèrè náà kò dára. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni kí ó ṣa àwọn tó yẹ kí dókítà jókòó tì, kí dókítà wá fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ìṣòro dé nígbà tí àwọn èèyàn mú iye tó jáde nínú rẹ̀ bí ẹni pé dókítà ló ti yẹ gbogbo wọn wò. Ẹ sì rí ohun tó fa á: ìgbà kì í dá wá. Bí òkùnkùn ṣe ń bọ̀ ní Norway, òtútù ń tẹ̀ lé e, ìnáwó Kérésìmesì ń bọ̀, èèyàn ń jókòó sínú ilé, eré ìdárayá ń dín kù, ọtí ń pọ̀, ẹni tó ti pàdánù aya tàbí ọkọ ń rántí. Gbogbo wọn wọlé lóṣù kan náà. Iṣẹ́ ẹni tó ń wá ohun tó ń dá kún ewu ni láti ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, kí ó lè mọ èyí tó ń pa èèyàn lára gan-an.

Ìwádìí tó yà mí lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ yíyà sọ́tọ̀ yìí ni ti Iceland. Erékùṣù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òpin ayé lókè, ó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 64 sí 66. Tó bá jẹ́ pé bí ibì kan ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé tó nìkan ló ń fa ìsoríkọ́ yìí, Iceland ló yẹ kó burú jù. Ní 1993, Andrés Magnússon àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé ìbéèrè kan náà wádìí níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìsoríkọ́ ìgbà òtútù kéré láàárín àwọn ará Iceland ju bó ṣe wà láàárín àwọn ará ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tí oòrùn wọn pọ̀ jù tiwọn lọ fíìfíì.

Kí ló fà á? Ẹnì kan lè sọ pé nǹkan kan wà ní ilẹ̀ Iceland, bóyá oúnjẹ wọn, bóyá bí wọ́n ṣe ń kó ara wọn jọ. Ẹlòmíràn lè sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni: àwọn baba ńlá wọn ti gbé inú òkùnkùn yẹn ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, àwọn tí ara wọn lè gbà á ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí. Láti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, wọ́n lọ sí Manitoba ní Kánádà. Láti bí 1875 ni àwọn ará Iceland ti ṣí lọ tẹ̀ dó síbẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń gbé ní abẹ́ ojú ọ̀run kan náà, nínú òtútù kan náà, pẹ̀lú àwọn ará Kánádà yòókù. Wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Ìsoríkọ́ yẹn kéré lára àwọn tí ìdílé wọn ti Iceland wá níbẹ̀ náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbà pé ohun àjogúnbá wà nínú rẹ̀. Kò pa ẹnu àwọn tó ń tọ́ka sí ẹja tí wọ́n ń jẹ tàbí àṣà ilé wọn mọ́ pátápátá, torí pé ẹni tó ṣí kúrò nílé máa ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ dání.

Ní 1999, àwọn olùwádìí kan ní Netherlands, Peter Paul Mersch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tó ti jáde jọ, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n rí i pé bí ìlú kan ṣe jìnnà sí àríwá tó ń kó ipa, àmọ́ ipa náà kéré. Ojú ọjọ́ ibẹ̀, ohun tí èèyàn jogún, àti bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń gbé ayé wọn ní láti wà nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí wé "àwọn ará àríwá ló ń mú jù" tí wọ́n ń pín kiri.

Nínú ara, ojú ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2002, àwọn onímọ̀ fi hàn pé nínú ẹ̀yìn ojú wa, yàtọ̀ sí àwọn tó ń jẹ́ ká ríran, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ pé ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń kíyè sí, tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ fún apá ibi tó ń darí àsìkò nínú ọpọlọ. Ibẹ̀ ni ara ti ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, họ́mọ́ònù tí wọ́n ń pè ní melatonin á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ara á mọ̀ pé àsìkò ìsinmi ti tó. Alfred Lewy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1980 pé ìmọ́lẹ̀ tó lágbára dáadáa lè dá melatonin dúró lára èèyàn, ohun tí ìmọ́lẹ̀ lásán inú yàrá kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ní Australia, Gavin Lambert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọkùnrin 101 tí ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n sì rí i ní 2002 pé serotonin, ọ̀kan lára àwọn ohun tí ọpọlọ ń lò láti mú kí ọkàn dúró déédéé, kì í jáde púpọ̀ nígbà òtútù, ó sì máa ń pọ̀ sí i ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú ìsoríkọ́ yìí? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jà á.

Fítámì D ńkọ́? Awọ ara ló ń fi oòrùn ṣe é, kì í ṣe ojú. Àwọn ará wa tó wà lókè òkun sábà máa ń ní ìwọ̀nba rẹ̀ nígbà òtútù, torí pé oòrùn ibẹ̀ kò lágbára tó, awọ dúdú sì nílò oòrùn púpọ̀ sí i. Ó dára kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, egungun nílò rẹ̀. Àmọ́ pé kí fítámì D lé ìsoríkọ́ ìgbà òtútù lọ, àwọn ìwádìí tó ti dán an wò kò fohùn ṣọ̀kan. Fìtílà ìtọ́jú tí àwọn dókítà máa ń júwe, ojú ló ń ṣiṣẹ́ fún. Wọ́n tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ sé ìtànṣán tó ń jẹ́ kí awọ ṣe fítámì D mọ́ inú rẹ̀, kó má baà ba awọ àti ojú jẹ́. Nítorí náà ẹni tó ń mu fítámì D, tó tún ń ti fèrèsé pa láti àárọ̀ dalẹ́, kò tíì fọwọ́ kan ohun tí a ń sọ.

Àwọn ohun yòókù tó ń dá kún ewu kò le láti lóye. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ọdún 18 sí 30. Ẹni tó ti ní ìsoríkọ́ tẹ́lẹ̀, tàbí tí ìdílé rẹ̀ ní ìtàn ìsoríkọ́, ewu tirẹ̀ ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Wọ́n wádìí lára àwọn ìbejì ní Australia ní 1996, wọ́n ṣírò pé nǹkan bí ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn sí èèyàn nínú bí ìgbà ṣe ń yí wọn padà ló jẹ́ ti àjogúnbá. Èyí tó kù, tó pọ̀ jù, ibòmíràn ló ti wá. Ní ti obìnrin àti ọkùnrin, mo rọ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, àwọn obìnrin tó ń wá gba ìtọ́jú fún un lè tó ìlọ́po mẹ́rin ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n bá lọ bá àwọn èèyàn ní ìlú, ìyàtọ̀ náà máa ń dín kù. Nítorí náà díẹ̀ nínú ohun tí a ń kà sí ewu obìnrin jẹ́ pé obìnrin ló lè sọ pé ó rẹ òun. Ọkùnrin kan náà á máa sùn, á máa mutí, á máa bínú sí ìyàwó, kò ní lọ bá dókítà.

Àwọn kan wà tí wọ́n tilẹ̀ ń bi í pé ṣé ọ̀rọ̀ yìí tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Ní 2016, Megan Traffanstedt, Sheila Mehta àti Steven LoBello lo ìwádìí orí fóònù tí wọ́n fi bá àgbàlagbà 34,294 sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè wọn kò dárúkọ ìgbà òtútù rárá. Ohun tí wọ́n bi àwọn èèyàn ni bí ọkàn wọn ti rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n wá fi ìdáhùn wọn wé oṣù tí wọ́n dáhùn, bí ilé wọn ṣe jìnnà sí àríwá tó, àti bí ojúmọ́ ṣe gùn tó lọ́jọ́ náà, wọn ò rí ìsopọ̀ kankan.

Báwo ni èyí ṣe lè wà pẹ̀lú Nashua? Ẹni tí ẹ bá bi pé "ṣé ìgbà òtútù máa ń yọ ẹ́ lẹ́nu?" á wo ẹ̀yìn, á rántí èyí tó burú jù, á sì dáhùn bí ó ṣe rò pé ó yẹ kí ó rí. Ẹni tí ẹ bi pé "báwo ni ọ̀sẹ̀ méjì tó lọ?" kò ní ohun kan tó ń tì í síhà kan. Ní ìdà kejì, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, àwọn díẹ̀ tí ìsoríkọ́ yìí ń fojú wọn gbolẹ̀ lọ́dọọdún lè sọnù sáàárín ọ̀pọ̀ tí kò ṣe ní nǹkan kan. Èmi kò gbà pé ìwádìí 2016 ti pa àìsàn náà rẹ́. Mo gbà pé ó ti fi hàn pé kò kárí ayé bí wọ́n ṣe ń sọ. Èyí tí yóò là wá lóye jù ni kí wọ́n tẹ̀ lé àwọn èèyàn kan náà yíká ọdún, kí wọ́n de ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọwọ́ wọn, kí wọ́n sì máa béèrè bí ara wọn ti rí láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbà ni.

Ó yá, àwa ńkọ́? Ọyẹ́ kì í mú òkùnkùn wá. Eruku Sàhárà lè bo oòrùn lójú fún ọjọ́ mélòó kan, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó wà níta ní Àbújá lọ́sàn-án ọyẹ́ le ju ti inú ọ́fíìsì lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe gba ọ̀nà mìíràn. Ikọ́ àti ikọ́ fée ń pọ̀, ìrora ń dé bá àwọn tó ní àìsàn sẹ́ẹ̀lì dòjé nígbà òtútù, èèyàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra torí eruku. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá fún oṣù méjì, ọkàn rẹ̀ lè bá a lọ, ó sì yẹ kí a tọ́jú ohun tó ń ṣe é gan-an. Irú ìsoríkọ́ kan sì wà tó ń tẹ̀ lé ìgbà ooru, tí àwọn olùwádìí kọ́kọ́ ròyìn ní 1987. Èyí yàtọ̀ sí ti òtútù: kò ní jẹ́ kéèyàn sùn, oúnjẹ kì í wù ú, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ó ń bínú sódì. Tí mo bá ń ronú nípa oṣù kẹta àti oṣù kẹrin níbí, tí kò sí iná, tí yàrá gbóná bí ààrò lóru, mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn olùwádìí tiwa máa wò kí wọ́n tó wo ọyẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ọ̀dọ́ tó wà ní Nyanya tàbí Mararaba, tí ọkàn rẹ̀ ti wúwo láti ìgbà òjò, tó sì ń rò pé ọyẹ́ ló ń ṣe òun. Tí kò bá lọ nígbà òjò, tí kò lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbà. Ìsoríkọ́ tó ń fẹ́ ìtọ́jú ni. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Gwagwalada, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Kàdúná. Ẹ má jẹ́ kí ọyẹ́ ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, tí èèyàn á fi máa dúró de òjò.

Ní ti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, ṣíṣí lọ gan-an ní ohun tó pọ̀ nínú. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àgbàlagbà, tó ń sùn lójú ọ̀sán, tó tún ń ronú ìwé ìgbélùú, ìdáwà, owó tó yẹ kó fi ránṣẹ́ sílé, òkùnkùn kì í ṣe ẹrù rẹ̀ kan ṣoṣo. Àmọ́ òkùnkùn jẹ́ ọ̀kan tó ṣeé tètè wá nǹkan ṣe sí. Iná ọ́fíìsì sábà máa ń wà láàárín 300 sí 500 lux, èyí tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run ní Toronto ṣì lè ju ẹgbẹ̀rún lọ níta. Kí ó rìn jáde láàárọ̀, kódà tí oòrùn kò yọ, oògùn ni. Fìtílà ìtọ́jú tí mo mẹ́nu kàn jẹ́ 10,000 lux, èèyàn sì sábà máa ń jókòó sí iwájú rẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá jí. Ẹni tó ní àìsàn ojú, tàbí tí inú rẹ̀ ti máa ń ru sókè kọjá ààlà rí tí kò fi ní sùn, gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lò ó. Oògùn náà wà, ti dókítà nìyẹn.

Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu náà wà, ó sì gbéṣẹ́. Kelly Rohan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Vermont fi wé fìtílà lára èèyàn 177. Ní ìgbà òtútù èkejì lẹ́yìn ìtọ́jú, ìsoríkọ́ padà bá nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo fìtílà, ó padà bá nǹkan bí 27 lára àwọn tó gba ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni láti mọ èrò tí wọ́n ń rò nípa òtútù, kí wọ́n sì máa jáde ṣe nǹkan kódà nígbà tí kò wù wọ́n.

Tí ọmọ náà bá ń sọ pé ayé sú òun, tàbí tó ń dágbére lọ́nà tí kò yé yín, ẹ má dúró de ìparí ọ̀sẹ̀. Kí ẹni tó sún mọ́ ọn jù níbẹ̀ lọ bá a lọ́jọ́ náà, kí wọ́n pe nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú náà. Tí kò bá tíì débẹ̀, ìbéèrè tó máa ràn yín lọ́wọ́ lórí fóònù kò pọ̀: Aago mélòó lo jí? Ìgbà wo lo jáde síta kẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣì mọ́? Lọ́dún tó kọjá, nírú oṣù yìí, báwo ni ara rẹ ṣe rí? Tí ìdáhùn ọdún tó kọjá bá jọ ti ọdún yìí, kí ó kọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tó lọ sílẹ̀, kí ó gbé ìwé náà lọ bá dókítà rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kí òkùnkùn ìgbà òtútù tó dé.